Mechanical ní yunifásítì ìpínlẹ̀ l'Ádó-Èkìtì: ṣé kí ọmọ wa gbà á, àbí kó dúró de ti ìjọba àpapọ̀?

Àǹtí Òkèṣà

Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àbúrò mi ló bí ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi níbí ló ń gbé láti ìgbà tó ti wọ JSS1. Wọ́n ti fún un láàyè láti ka Mechanical, ìyẹn ìmọ̀-ẹ̀rọ, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ ti jáde lórí CAPS, ojúlé JAMB tí wọ́n ti ń gba àyè ìwọlé, ó ku kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìkẹjà ní kó kọ̀ ọ́, kó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kó mú yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ó ní ta ni yóò gba ẹnjiníà tó ti ilé-ìwé ìpínlẹ̀ jáde síṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tún ní tó bá jẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ lọmọ fẹ́ kà lóòótọ́, kí a ta ilẹ̀ kó lọ sí ti aládàáni. Ilẹ̀ wo la fẹ́ tà? Ọmọ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Láti SS1 ló ti ń tú jẹnẹrétọ̀ ilé wa, òun ló ń fọ kabúrétọ̀, òun ló ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mi ò pe mẹkáníìkì sí i mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ṣé ìwé-ẹ̀rí ìpínlẹ̀ kéré sí ti ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́? Kí ni kí n lọ wò ní ilé-ìwé náà kí ó tó tẹ ohunkóhun?

Ọmọ Mọ̀bà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ohun kan ni kí ẹ sọ fún bàbá rẹ̀: èsì JAMB kò ju ọdún kan lọ. Tí ó bá kọ èyí, máàkì tó gbà lọ́dún yìí ti lọ nìyẹn, àti òdo ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Physics, Chemistry, gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Mo mọ àwọn tó dúró de "ti àpapọ̀" títí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi wọ 300 level.

Ẹnjiníà Ìjerò

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ títì àti afárá ni mò ń ṣe, yunifásítì ìpínlẹ̀ ni mo sì ti jáde. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín kejì ṣáájú, torí òun ló máa dáhùn ti àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ máa wò ni ìfọwọ́sí ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ wọ̀. Àjọ méjì ló ń yẹ ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ wò ní Nàìjíríà. Ti àkọ́kọ́ ni NUC, tó ń bójú tó gbogbo yunifásítì. Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀ka kan wò tó yege pátápátá, ọdún 5 ni wọ́n máa ń fún un kí wọ́n tó padà wá. Tó bá jẹ́ pé ó ku díẹ̀ káàtó, ọdún 2 ni wọ́n máa fún un kó fi tún ara rẹ̀ ṣe. Tó bá kùnà, kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Ìkejì ni COREN, tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Àwọn náà ń lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n ń wo iye olùkọ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń wọ yàrá ìdánwò àti wọ́kíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wo irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ti yunifásítì lápapọ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀. Civil, ìyẹn ti títì àti afárá, lè ní in, kí ẹ̀ka mìíràn tó wà lábẹ́ òrùlé kan náà má ní in. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "ilé-ìwé yẹn ti gba ìfọwọ́sí", ẹ bi í pé: ẹ̀ka wo? Ọdún wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? NUC nìkan ni, àbí COREN náà?

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé, lábẹ́ òfin, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí àwòrán ilé tàbí ti afárá. Ọmọ tó bá ti ẹ̀ka tí COREN kò mọ̀ jáde yóò jìyà gan-an kó tó rí orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Tí COREN bá sì mọ ẹ̀ka náà, ọ̀nà kan náà ni yóò bá ọmọ tó ti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ jáde gbà: ìsìnrú-ìlú, iṣẹ́ lábẹ́ ẹnjiníà àgbà fún ọdún mélòó kan, ìdánwò, ìforúkọsílẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan náà, iye owó kan náà.

Ìwé ètò-ẹ̀kọ́ wọn náà kò yàtọ̀. Láti 2023 ni NUC ti ní kí gbogbo yunifásítì máa lo ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS. NUC ló kọ ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìpín 30 tó kù kún un bó ṣe rí i pé ó bá àdúgbò rẹ̀ mu. Thermodynamics tí wọ́n ń kọ́ l'Ádó ni wọ́n ń kọ́ ní Èkó.

Ayé Ń Lọ

Ẹnjiníà, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa òfin àti ìwé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mechanical ni èmi náà kà, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ kan tí kì í ṣe ti Èkìtì. Ẹ̀ka wa ní ìfọwọ́sí. Lathe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, tó wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, àwa bí ọgọ́rin la yí i ká lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa. Olùkọ́ tàn án, ó gé irin kékeré kan, ó pa á. Àwa tó wà lẹ́yìn kò rí ju èjìká àwọn tó wà níwájú lọ. A padà sí yàrá, a dà á kọ láti inú ìjábọ̀ àwọn tó ṣáájú wa, a gba máàkì. Bí mo ṣe jáde nìyẹn, mo jẹ́ ẹnjiníà Mechanical tí kò fọwọ́ kan lathe rí.

Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n gbé irin kan sórí tábìlì, wọ́n ní kí n wọn ún. Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Nítorí náà, èrò bàbá ọmọ yẹn kò burú. Ilé-ìwé àpapọ̀ tó ti pẹ́ ní irinṣẹ́ jù, ó ní àwọn tó jáde ṣáájú tí wọ́n ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ tí wọ́n lè fa ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi ìfẹ́ ilé ẹni bo òtítọ́.

Ọmọ Mọ̀bà

Bọ̀dá Ayé Ń Lọ, ẹ máa rántí ìyanṣẹ́lódì o. Láti 14 February títí di 14 October 2022, oṣù 8 gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi tilẹ̀kùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2020 náà láti March títí di December. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ kan wà tí kò bá wọn dá a. Ọmọ tó bá pàdánù ọdún kan nílé nítorí JAMB, tó tún bọ́ sínú ìyanṣẹ́lódì, ẹ bá mi ṣírò ọdún tó máa lò lórí ẹ̀kọ́ ọdún 5.

Ayé Ń Lọ

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn bá wọn dá a pẹ̀lú. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Sífú 400

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo wà ní 400 level, Civil, nílé-ìwé ìpínlẹ̀. Kí n sọ bí ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí fún àbúrò mi tó fẹ́ wọlé yìí, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún èmi.

100 level kò ní ìmọ̀-ẹ̀rọ kankan nínú tó ń dùn mọ́ni. Maths, Physics, Chemistry, GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbò). Ẹni tó ń retí sípánà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á rò pé òun ṣìnà. Kó má fojú di í o, torí Maths ọdún yẹn ni yóò gbé gbogbo ìyókù.

200 level ni aṣẹ́. Engineering Drawing, Thermodynamics, Strength of Materials, Fluid Mechanics, Applied Electricity, Engineering Mathematics, gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó gba OND ní pólì tí wọ́n sì gba Direct Entry wọlé máa ń bá wa níbẹ̀. Ọwọ́ wọn máa ń yá nínú drawing ju tiwa lọ, àwa náà sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú Maths. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ti ìdajì ọdún àkọ́kọ́ yóò dúró títí ìdajì ọdún àkọ́kọ́ mìíràn yóò fi dé. Tí iṣẹ́ náà bá sì jẹ́ èyí tó ṣílẹ̀kùn fún òmíràn, kò ní lè wọ òmíràn yẹn. Bí carryover kan ṣe ń sọ ọdún 5 di 6 nìyẹn, kì í ṣe torí pé ọmọ kò mọ̀wé.

300 level ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ń yà sọ́nà tirẹ̀. Àwa gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ káàkiri nínú oòrùn, a gbẹ́ ilẹ̀ pupa wa yìí, a gbé e lọ sí yàrá ìdánwò, a lù ú, a wọn omi inú rẹ̀, a wò ó bóyá ó lè gbé títì. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí ọ̀nà kan fi ń yọ́ lẹ́yìn òjò méjì tí èkejì fi ń dúró.

Ní 500 level, iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde. Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi lo eérú èépo ìrẹsì. Ẹ mọ bí èépo yẹn ṣe máa ń di òkìtì sí ẹ̀yìn ilé ìlọrẹsì ní Ìgbẹmọ, tí wọ́n máa ń dáná sun ún lásán. Silica pọ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá sun ún bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì jọ̀ ọ́, ó lè rọ́pò díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n yẹn pò ó mọ́ kọnkéré ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ó dà á sínú mọ́ọ̀dì oníigun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 150 mm, ó rì wọ́n sómi, ó ń fọ́ wọn lábẹ́ ẹ̀rọ ní ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láti mọ agbára wọn. Owó ńlá kọ́ ló ná sí i. Èépo náà, wọ́n fi ta á lọ́rẹ ni, wọ́n tún dúpẹ́ pé ó bá wọn kó o.

Mo sọ èyí torí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ṣe pàtàkì, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tó wà ní àyíká wa tó tó láti fi kọ́ṣẹ́ pọ̀.

Bàbá Onílathe, Ajílòsùn

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, lathe méjì, ẹ̀rọ ìdálu, àti àwọn ajórin tó wà lábẹ́ mi. Àwọn ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé rán jáde láti kọ́ṣẹ́, máa ń wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ mi. Ọmọ àpapọ̀ ti bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ ìpínlẹ̀ ti bá mi ṣiṣẹ́, àwọn ti pólì náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, màá gbé vernier, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn irin, fún wọn, màá ní kí wọ́n ka ìwọ̀n búṣì kan fún mi. Ọmọ pólì ló sábà máa ń kà á tọ̀nà. Àwọn ọmọ yunifásítì, ìbáà jẹ́ ti ibo, ọ̀pọ̀ wọn máa ń dì í mú bíi ṣíbí ọbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ya òpè. Wọ́n mọ ìṣirò tí èmi kò mọ̀. Ọmọ kan ṣàlàyé fún mi ìdí tí ṣáfítì ọkọ̀ kan fi ń ṣẹ́ lójú kan náà nígbà gbogbo: igun tí mo gé síbẹ̀ mú jù, ibẹ̀ ni gbogbo agbára ń kó jọ sí. Ó ní kí n sọ igun náà di róbótó. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, kò ṣẹ́ mọ́. Ọmọ yunifásítì ìpínlẹ̀ ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọdún kẹrin ni wọ́n tó ń wá. Oṣù mẹ́fà. Wọ́n máa lo oṣù kan láti dẹ́kun ìbẹ̀rù iná irin, oṣù kan láti mọ orúkọ irinṣẹ́, kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń kó ìwé tí màá fọwọ́ sí wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń fẹ́ kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n máa lọ sílé. N kì í fọwọ́ sí i.

Ọmọbìnrin tó ń tú jẹnẹrétọ̀ láti SS1 yẹn, kí ló dé tó fi máa dúró di ọdún kẹrin? Kó máa bọ̀ nísinsìnyí tí wọn kò tíì wọlé. Kó tún máa bọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi. N kò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹnjiníà Ìjerò

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ IT yìí, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń di ẹnjiníà tàbí kó sọ ọ́ nù. Àjọ ITF tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 ló bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, ìyẹn IT yìí gan-an, ní 1973, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ìráhùn yẹn gan-an ni Ayé Ń Lọ ń rá lónìí.

Èkìtì kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá púpọ̀, ìyẹn ni ìṣòro wa. Àwọn ọmọ Mechanical wa máa ń rò pé àfi kí wọ́n lọ sí Ọ̀tà, Ṣàgámù tàbí Èkó. Ó dára tí wọ́n bá rí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi wọ́n ra oúnjẹ. Nílé níbí, iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ ní àwọn ẹ̀rọ ìfami ńlá, pàápàá níbi ìsédò Ero ní Ìkún. BEDC tó ń fún wa níná ń gba àwọn ọmọ Electrical. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún iṣẹ́ òde ń gba ọmọ Civil. Àwọn ibi ìfọ́kúta wà káàkiri, nítorí ilẹ̀ wa, àpáta ni látòkèdélẹ̀, ẹ̀rọ ìfọ́kúta kì í sì yé bàjẹ́. Ọmọ Mechanical tó bá lo oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀rọ ìfọ́kúta yóò mọ bíárìn, bẹ́líìtì àti jíà ju ẹni tó lo ọdún kan ní ọ́fíìsì atẹ́gùn tútù lọ.

Ayé Ń Lọ, mo gbà pé ìrírí rẹ kò dára, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tó ń gbowó láìra irinṣẹ́ ń ja ọmọ lólè. Ṣùgbọ́n ohun tí o fẹ́ kí ọmọ yìí ṣe, ọdún kan nílé, kò dá a lójú pé yóò gbé e dé ibi tó o ń wí. Àwọn tó ń dù Mechanical ní àwọn àpapọ̀ tó ti pẹ́ yẹn pọ̀ ju àyè tó wà lọ. Ó lè padà gba Botany níbẹ̀.

Obìnrin Oníná

Àǹtí Òkèṣà, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti pé ó jẹ́ obìnrin. Electrical ni mo kà, ibi ìpínná ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó ṣe mí níbi nílé-ìwé. Ìnú rere wọn gan-an ló fẹ́ pa mí lára. Tí wọ́n bá pín wa sí ẹgbẹ́ nínú yàrá ìdánwò, àwọn ọkùnrin á ní, "Ìwọ ni ìkọ̀wé rẹ dára, ìwọ kọ ìjábọ̀." Wọ́n á so wáyà, èmi á kọ̀wé. Nígbà tí mo dé IT, wọ́n ní kí n jókòó ní ọ́fíìsì kí oòrùn má bàa pa mí.

Ẹ kọ́ ọ kó máa sọ láti 200 level pé, "Lónìí èmi ni mo máa so ó, ẹlòmíràn ló kàn láti kọ." Kó fi ẹ̀rín sọ ọ́, kó sì dìde lọ gbé irinṣẹ́. Wọn kò ní bínú. Wọn kò kàn rò ó tẹ́lẹ̀ ni.

Òpìtàn Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ náà mọ̀ pé yunifásítì ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun àná. 1982 ni ìjọba Olóyè Adékúnlé Ajásin dá èyí tó wà l'Ádó sílẹ̀, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ nígbà náà, kí orúkọ yẹn tó padà di ti Ifẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1 October 1996 ló di Yunifásítì Adó-Èkìtì, kí wọ́n tó pa á pọ̀ mọ́ ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì ní 2011 tó fi di orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Ẹ tún bá mi sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójobí fún ọmọ náà. Ọmọ Ìkòròdú, Mechanical ni tirẹ̀ náà. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìwakọ̀ kúrò ní apá òsì títì sí apá ọ̀tún ní April 1972, ọkọ̀ Opel tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú, tó gbé ìtọ́kọ̀ rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọkọ̀! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an.

Ìyá Ìfàkì

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ti owó. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní 300 level, Electrical, ilé-ìwé ìpínlẹ̀, opó sì ni mí. Owó ìmọ̀-ẹ̀rọ máa ń ju ti àwọn ẹ̀ka mìíràn lọ nínú ilé-ìwé kan náà, ẹ fi sọ́kàn. NELFUND ló gbà mí, ìyẹn ètò àyálò tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní April 2024. Àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń rí i gbà, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan. Kò ní èlé. Àpò ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé sí tààrà, ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìjẹun. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú-ìlú ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà, tó bá ti ríṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni nọ́ńbà JAMB tàbí ti ìwọlé, NIN àti BVN. Orúkọ gbọdọ̀ bára mu lórí gbogbo rẹ̀! Tí Àdùkẹ́ bá wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, wọ́n á dá a padà. Ẹ lọ tún un ṣe kó tó wọlé. Ilé-ìwé náà ní láti ti fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ bèèrè ìyẹn náà.

Ẹ tọ́jú owó kọ̀ǹpútà. Láti 200 level ni wọn á ti nílò rẹ̀ fún AutoCAD, ìyẹn yíyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Alágbélétan àlòkù tó lágbára dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ.

Àǹtí Òkèṣà

Olúwa yóò bù kún gbogbo yín. Mo pe bàbá rẹ̀ lálẹ́ àná, mo ka ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà àti ti Ayé Ń Lọ sí i létí, méjèèjì, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí n lọ bèèrè ìfọwọ́sí ẹ̀ka Mechanical gan-an, NUC àti COREN, kí n sì wo wọ́kíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú ara mi. Tó bá rí bó ṣe yẹ, òun fara mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ ta ilẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo bá dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, kí ni kí n wò? Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ.

Ayé Ń Lọ

Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ ka tèmi náà sí i. Ẹ má bèèrè iye ẹ̀rọ tí wọ́n ní, torí wọ́n á ka gbogbo èyí tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ lathe. Tí ẹ bá rí ìgékù irin níbẹ̀, tí òróró tútù sì wà lára rẹ̀, wọ́n ń lò ó. Tí eruku bá bò ó, tí aláǹtakùn ti ta sí i, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ wá bi akẹ́kọ̀ọ́ 300 level kan, kì í ṣe olùkọ́ o, pé: "Ìwọ fúnra rẹ, kí lo ti fi ọwọ́ rẹ ṣe níbí?" Tó bá lè mú un jáde fún yín, ìbáà jẹ́ òòlù kékeré tàbí ìkọ́ ilẹ̀kùn, ọkàn yín lè balẹ̀.

Tí wọ́n bá yege nínú méjèèjì, kó gbà á. Mi ò ní ta kò ó mọ́. Ṣùgbọ́n kó gba ìpè Bàbá Onílathe pẹ̀lú, mo bẹ̀ yín. Ká ní ẹnì kan pe èmi bẹ́ẹ̀ nígbà náà!

Ẹnjiníà Ìjerò

Ẹ tún bèèrè iye olùkọ́ ẹ̀ka náà tó ti forúkọ sílẹ̀ ní COREN. Kò yẹ kí wọ́n fi pamọ́.

Àǹtí Òkèṣà

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ìfọwọ́sí wà, wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Ìgékù irin wà nílẹ̀, mo mú díẹ̀ wá sílé fún ọmọ náà, ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọbìnrin 300 level kan fi irin kan tó jó pọ̀ fúnra rẹ̀ hàn mí, ó ní ojú ìjórin àkọ́kọ́ kò dán, àmọ́ kò já. Bàbá rẹ̀ ti gbà. Alẹ́ òní ló máa tẹ̀ ẹ́ lórí CAPS.

Ó kù kí n mọ ohun tí n óò rà sílẹ̀. Wọ́n ní pákó ìyàwòrán wọ́n l'Ọ́jà Ọba.

Sífú 400

Ẹ má rà á mà. Àwa tó ti kọjá 200 level ń tà á fúnra wa, pákó, T-square, sẹ́ẹ̀tì sọ́kúẹ̀, ó sì ṣì dára. Tèmi wà nílẹ̀, màá fún un. Kọ́ńpáàsì ni kí ẹ ra tuntun, èyí tí ẹnu rẹ̀ kò mì. Ẹ ra kóróọ̀lù (aṣọ iṣẹ́) kan fún wọ́kíṣọ́ọ̀bù, èyí tó bá a mu gan-an. Ìyókù lè dúró.

Bàbá Onílathe, Ajílòsùn

Kó wá lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Kó wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Kó di irun rẹ̀ mọ́rí dáadáa, kó má wọ ẹ̀gbà ọrùn tàbí aṣọ tí apá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ̀rọ yẹn máa ń fa aṣọ. Kó mú ìwé kékeré kan dání àti pẹ́ńsùlù. Vernier ni a óò fi bẹ̀rẹ̀.